Láti Mọ́kọ́lá dé Sèmè: Sátidé, Ọjọ́ 29 Oṣù Kìíní, 1983

Aago méjìlá òru

Ẹnubodè mẹ́ta ló wà ní títì láàárín Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn àti Accra nígbà tí Fúráìdé di Sátidé. Gánà ló kọ́kọ́ ti tirẹ̀, láti ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1982. Ìjọba Jerry Rawlings ní àwọn onífàyàwọ́ ló ń kó ọjà ilẹ̀ náà gba ibẹ̀ jáde. Ẹ̀rù àwọn tó fẹ́ gbàjọba sì tún ń bà wọ́n. Nígbà tí Tógò rí i pé ẹni tó bá wọ ilẹ̀ òun kò ní ríbi jáde sí lápá kejì, ó sé ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti Benin. Benin náà rò ó, ó rí i pé ọ̀dọ̀ òun ni gbogbo èrò yóò wá jókòó sí, ló bá ti Kraké, níbi tí títì tó ti Èkó wá ti wọ ilẹ̀ rẹ̀.

Lápá tiwa, Sèmè ló kángun sí Kraké. Ibẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sùn sí lóru yẹn, lórí iyanrìn, lábẹ́ igi àgbọn, wọ́n fi ẹrù ṣe ìrọ̀rí.

Mọ́ńdè ọjọ́ 17 oṣù náà ni Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, kéde pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ kúrò nílùú láàárín ọjọ́ 14. Wọ́n yọ àwọn tó ti dé ṣáájú ọdún 1963 sílẹ̀, wọ́n yọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì fi oṣù kan kún un fún àwọn tó ní iṣẹ́ àkọ́mọ̀ọ́ṣe lọ́wọ́. Àwọn yòókù, ọjọ́ 31 ni gbèdéke wọn. Àwọn tó ṣírò rẹ̀ ní iye ènìyàn tí àṣẹ náà kàn tó mílíọ̀nù méjì, tí àwọn ọmọ Gánà nínú wọn tó mílíọ̀nù kan. Ọdún ìdìbò ni. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, iṣẹ́ ti wọ́n, ìjọba sì ti rí ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù.

Bí ẹni pé èyí kò tó, ní ọjọ́ 24, iná jó ilé gogoro NET ní Marina, l'Ékòó, ilé tí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àti tẹ́lẹ́ksì ń gbà lọ sí òkè òkun. Ẹ rò ó wò: ọ̀sẹ̀ tí orílẹ̀-èdè mẹ́rin ní láti bá ara wọn sọ̀rọ̀ jù lọ ni ilé ọ̀rọ̀ jóná.

Aago mẹ́rin ìdájí, Mọ́kọ́lá

Ìyá mi ti jí. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ìyá Kúmásí, nítorí Kúmásí ló ti ná ọjà, ibẹ̀ ló bí ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun àti bàbá wa. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà gbé òfin tirẹ̀ jáde pé kí àjèjì tí kò níwèé máa lọ. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún wọn? Ọjọ́ 14 bákan náà. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ìnísà, Ṣakí àti Ọ̀fà tó ti wà níbẹ̀ láti ìran dé ìran kó ẹrù gba Lomé, wọ́n gba Kútọnu, wọ́n wọ Nàìjíríà nígbà tí ogun abẹ́lé ò tíì parí. Ìyá mi wà nínú wọn, oyún wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí rédíò ka àṣẹ Ali Baba, kò kígbe bí àwọn aládùúgbò kan ṣe kígbe ayọ̀. Ó bèèrè ohun kan ṣoṣo: “Ṣé wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ Tógò?” Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Èmi tí mo wà ní iléèwé girama nígbà náà kò tilẹ̀ mọ ohun tí Tógò ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Mọ́kọ́lá kì í ṣe àdúgbò ìbílẹ̀ Ìbàdàn. Ilé àlejò ni láti ìpìlẹ̀. Tápà, Ìgbìrà, Ìgbò, Úróbò, gbogbo wọn ló ní ojúlé níbẹ̀. Sábó, tí wọ́n fi jìnkí àwọn Hausa lọ́dún 1916, kò jìnnà sí i. Bárékè Letmauk, tí wọ́n fi orúkọ ibi kan ní Burma pè nítorí ogun tí àwọn sójà wa jà níbẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Premier Hotel sì ń wo gbogbo wa láti orí òkè. Àwọn ọmọ Gánà bá irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ lára mu. Àwọn ni télọ̀, àwọn ni ṣùmékà, àwọn ni oníbúrẹ́dì. Láti ìgbà tí Gómìnà Bọ́lá Ìgè ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́dún 1979 ni àwọn ọmọ Gánà ti ń kọ́ni ní iléèwé wa. Olùkọ́ ìṣirò mi jẹ́ ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, àṣẹ náà kò kàn án, síbẹ̀ ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní ọlọ́pàá tó bá dá òun dúró lójú títì kò ní dúró ka ìwé ìgbanisíṣẹ́.

Ayálégbé wa kan náà wà nínú àwọn tó ń lọ, télọ̀ ni. Ó ti tú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó fi aṣọ kọ̀ọ̀kan wé orí ẹ̀rọ, ó dè é mọ́ pákó. Ẹsẹ̀ irin rẹ̀ kò ṣeé gbé. Ó fi í sílẹ̀ fún ìyá mi. Ìyá mi ní òun kò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ó ka owó sí i lọ́wọ́.

“Màmá, ẹ jẹ́ kó wà. Ẹ ti ṣe jù fún mi.”

“Gba owó, jàre. O máa mu omi lọ́nà, omi sì máa di títà.”

Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú

Lọ́rì Mercedes 911 kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nítòsí ráńdábáòtù Mọ́kọ́lá. Àbúrò ìyá mi ló ni ín, òun náà ni dẹ́rẹ́bà rẹ̀, pákó ló ń fi í kó. Kò sí àjọ kankan tó rán an níṣẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, alága àwọn ará Gánà ní àdúgbò, lémọ́ọ̀mù kan láti Sábó, ìyàwó sójà mélòó kan láti bárékè, àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ti kọ́ iṣẹ́ Red Cross ní iléèwé, ti ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ìyá mi lálaalẹ́. Bí wọ́n ṣe dá owó epo nìyẹn, tí wọ́n dá oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe tò ó, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ìyá mi mú ìwé ìkọ̀wé mi kan, ó fà á sí ọ̀nà mẹ́ta, ó ní kí n máa kọ. Ọ̀nà kìíní: orúkọ ẹni tó ń lọ àti ìlú tó ń lọ ní Gánà. Ọ̀nà kejì: ọmọdé mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà kẹta: ta ló mọ̀ ọ́n ní Mọ́kọ́lá. Mo ní kí ni ọ̀nà kẹta wà fún. Ó ní bí ẹnì kan bá sọnù lọ́nà, ta la máa ránṣẹ́ sí? Ẹni tó wà ní Kúmásí kò ní mọ̀ pé a ń wá a.

Aláboyún àti abiyamọ jókòó sí iwájú, lẹ́yìn orí ọkọ̀, níbi tí eruku kì í ti í pọ̀. Ọkùnrin tó lágbára jókòó sórí ẹrù. Àríyànjiyàn kan ṣẹlẹ̀. Olówó kan ti fi àpò ìrẹsì méjì ránṣẹ́, àwọn kan sì fẹ́ kí wọ́n gbé e sọ́kọ̀ kí ẹni tó fún wọn má bàa bínú. Ìyá mi ní rárá.

“Ta ló máa gbé ìkòkò kaná ní Sèmè? Igi dà? Omi ìdáná dà? Ẹ tà á, ẹ fi owó rẹ̀ ra jẹ́ríkàn.”

Wọ́n tà á lọ́jà Mọ́kọ́lá kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Gaàrí ló lọ, àti búrẹ́dì, iyọ̀, ṣúgà, kúlíkúlí, àti omi: dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta àti jẹ́ríkàn tí n kò ka iye wọn. Àwọn tó kó aṣọ àlòkù wá gbé e padà sílé. Inú bí wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá lọ ti ní aṣọ tó ju èyí tó lè rù lọ. Àpò aláwọ̀ pupa àti búlúù tí wọ́n rọ aṣọ sí ni gbogbo ayé fi ń rántí wọn títí dòní. Mo ti rí i lẹ́yìn ìgbà náà, níbi ìjàǹbá oríṣiríṣi, bí ọkọ̀ aṣọ àlòkù ṣe máa ń dé kí ọkọ̀ omi tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú a máa wo àpótí ara rẹ̀ kó tó wo ọ̀fun ẹlòmíràn.

Aago mẹ́fà

Dẹ́rẹ́bà ti wọ ọkọ̀. Ìyá mi fà á létí sọ̀rọ̀, mo sì gbọ́.

“Bó o bá dé ibi tí ọkọ̀ kò ti lè lọ mọ́, má ṣí omi. Kọ́kọ́ wá baálẹ̀ abúlé tó wà níbẹ̀ lọ. Fún un ní dúrọ́ọ̀mù kan, kí o fún un ní gaàrí. Kànga rẹ̀ ni wọ́n ti ń fà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.”

“Àǹtí, àwọn ará abúlé kọ́ la ń gbé e lọ fún.”

“Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́dún yẹn, a gbẹ́ iṣu oníṣu jẹ lọ́nà Tógò. Ọjọ́ kejì ni wọ́n yọ àdá sí wa. Ṣé wọ́n ṣìkà ni? Ebi ló pa àwọn náà.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí n jókòó kọ nípa ọjọ́ yìí. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà nípa lílé àwọn ará Gánà, àti ti 1969 àti ti 1983, orúkọ ààrẹ ń bẹ níbẹ̀, orúkọ mínísítà ń bẹ níbẹ̀, iye ogúnléndé ń bẹ níbẹ̀. Àwọn Ẹ̀gùn tó ń gbé láti Àgbádárìgì títí dé Kraké, tí wọ́n jí lọ́jọ́ kan tí wọ́n bá ìlú ńlá kan lẹ́yìnkùlé wọn, kì í ju gbólóhùn kan lọ.

Aago mẹ́jọ àárọ̀

Aago méje ni ní Accra àti Lomé, torí Gánà àti Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn àwa àti Benin. Ọyẹ́ ṣì bo ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978. Títì náà ṣì dán nígbà yẹn. Lọ́rì wa kò dá wà. Ọkọ̀ tó ru ibùsùn, tó ru fíríìjì, tó ru ènìyàn lórí fíríìjì, ló ń tẹ̀lé ara wọn lọ sí gúúsù. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò pọ̀. Dẹ́rẹ́bà ní kò sí ọ̀kan tí kò ní owó tirẹ̀.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀, Èkó

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n lè gbà jáde: òfurufú láti pápákọ̀ Murtala Muhammed, omi láti Àpápá, ilẹ̀ láti Sèmè. Èrò kún pápákọ̀ débi tí wọ́n ń sùn síta. Èrò kún èbúté, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí kò ní owó ọkọ̀ òfurufú, tí kò sì lè dúró de ọkọ̀ omi, Mile 2 ló ń gbà lọ sí Àgbádárìgì. Àwọn yẹn ló pọ̀ jù. Lọ́rì wa yà síbẹ̀.

Aago méjìlá ọ̀sán

Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ká wo àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti to ìrànwọ́. Ní Geneva, ọ́fíìsì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àjálù, UNDRO, àti ẹgbẹ́ tó pa gbogbo Red Cross àgbáyé pọ̀, ti ń ké sí àwọn orílẹ̀-èdè olówó. Owó ń bọ̀, oògùn ń bọ̀, oúnjẹ ń bọ̀. Àwọn Red Cross ti Benin, ti Tógò àti ti Gánà ni yóò pín in. Ní Accra, wọ́n ti ya pápá ìpàtẹ ọjà àgbáyé tó wà ní Labadi sọ́tọ̀ láti gba àwọn tó ń bọ̀.

Gánà tó fẹ́ gbà wọ́n náà, kí ló ní? Ọ̀dá ti mú un. Iná igbó ń jó oko kòkó. Oúnjẹ wọ́n débi pé egungun ọrùn tó yọ síta lára ènìyàn ni wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pè ní ṣéènì Rawlings. Ilẹ̀ tí ènìyàn inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 12 ló fẹ́ gba mílíọ̀nù kan kún un láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. N kò dá Rawlings láre pé ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yé mi ìdí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wúwo.

Ohun tí Geneva kò lè fi owó rà ni kọ́kọ́rọ́. Kó gbogbo àgọ́ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì ayé jọ sí Kútọnu, ẹni tó wà ní Sèmè kò ní fọwọ́ kàn án bí Kraké bá wà ní títì. Benin kò sì ní ṣí Kraké bí Tógò kò bá ṣí, Tógò kò ní ṣí bí Gánà kò bá ṣí. Ìdí òpin ọ̀nà ni títú okùn yìí ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe ni láàánú pé ọ̀nà náà kò gùn: etíkun Benin kò ju kìlómítà 121 lọ, ti Tógò kò ju 56. Àpapọ̀ wọn kò tó kìlómítà 200.

Aago mẹ́ta ọ̀sán, Sèmè

Lọ́rì ti dúró tipẹ́. Kìlómítà mélòó kan sí ẹnubodè ni títì ti dí, ọkọ̀ ò lè lọ iwájú mọ́. Àwọn èrò wa sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí dẹ́rẹ́bà rí ló sọ fún wa lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ léraléra títí ó fi kú.

Ó ní òórùn ló kọ́kọ́ pàdé òun. Kò sí ṣáláńgá fún irú èrò bẹ́ẹ̀. Etíkun ni gbogbo wọn ń lọ. Iyanrìn ni gbogbo ilẹ̀, kànga ibẹ̀ kò jìn, omi rẹ̀ sì ní iyọ̀ díẹ̀ nínú láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá fa omi nínú irú kànga bẹ́ẹ̀, ẹrẹ̀ ló kù. Àgbọn kò sí lórí igi tí ọwọ́ tó mọ́. Ilé ewé kan wà tí wọ́n ti tú ògiri rẹ̀ dáná.

Ó wá baálẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí àǹtí rẹ̀ ti wí. Àgbàlagbà Ẹ̀gùn kan, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó gbé dúrọ́ọ̀mù kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú gaàrí. Bàbá náà wò ó, ó ní: “Ta ló rán ọ?” Dẹ́rẹ́bà ní obìnrin kan n'Íbàdàn. Bàbá náà ní, “Gbogbo ọkọ̀ tó ń wá, ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ. Ìwọ ni àkọ́kọ́ tó bèèrè wa.” Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n ṣí àgbàlá sílẹ̀ fún àwọn abiyamọ inú ọkọ̀ wa, ọmọdé méjìlá àti ìyá mẹ́sàn-án, wọ́n sùn síbẹ̀ títí ọ̀nà fi ṣí. Wọ́n fi ibi tí kànga kan tí wọ́n fi ewé bò mọ́lẹ̀ wà hàn wọ́n.

Dúrọ́ọ̀mù omi kan ló ra gbogbo èyí. Lónìí, àwọn àjọ ńláńlá ti sọ ọ́ di òfin. Láti ọdún 2018 tí àgọ́ Adagom, nítòsí Ogoja ní Cross River, ti ń gba àwọn ará Cameroon tó sá fún ogun, ìlànà àjọ ogúnléndé àgbáyé níbẹ̀ ni pé nínú 100 ohun tí wọ́n bá ṣe, 70 jẹ́ ti ogúnléndé, 30 jẹ́ ti àwọn onílùú tó gbà wọ́n. Ìyá mi kò kàwé kọjá ìwé méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta ló ní kí wọ́n fún onílẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́

Ọjọ́ náà ni Gánà ṣí ẹnubodè rẹ̀. A wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ìròyìn náà kàn wá. Lémọ́ọ̀mù ní Alihamudulilahi. Ìyá mi ní, “Tógò ńkọ́?”

Tógò ṣí. Benin ṣí. Gbogbo ìlérí àti ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ti ń bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló parí rẹ̀. Láti Kraké, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ara wọn lọ sí Kútọnu, wọ́n gba Hillacondji wọ Tógò, wọ́n gba Lomé, wọ́n yọ sí Aflao, tó jẹ́ pé títì kan ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára Lomé. Àwọn aláṣẹ Benin àti Tógò kò fẹ́ kí ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Kí wọ́n ṣáà máa kọjá ni wọ́n ń wí. Níbi tí wọ́n bá sì ti dúró, Red Cross ló ń fún wọn lómi.

Àwọn tó wà ní iwájú kọjá kíá. Àwọn tó wà lẹ́yìn, bí àwọn èrò Mọ́kọ́lá, tún sun Sèmè. Ṣíṣí ilẹ̀kùn kò ní kí èrò tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Aago mẹ́jọ alẹ́, Mọ́kọ́lá

Àdúgbò wa náà kì í ṣe ilé àwọn ẹni mímọ́. Lálẹ́ yẹn, àwọn kan ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ, ibùsùn àti rédíò tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ wọlé, ní iye tí ojú ń ti ni láti sọ. Onílé kan ti kọ ìwé “yàrá wà fún rẹ́ǹtì” mọ́ ògiri kí ayálégbé rẹ̀ tó di ẹrù tán. Onílé mìíràn gba owó oṣù kejì lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ pé kò ní sun ọjọ́ kan níbẹ̀ nínú oṣù kejì. Ní iléèwé wa, ní Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, àwọn kíláàsì kan kò ní olùkọ́, àwọn ọmọ kan sì pàtẹ́wọ́ pé kò sí ìṣirò. Mo wà nínú wọn.

Aago mọ́kànlá kọjá

Dẹ́rẹ́bà dé. Ọkọ̀ rẹ̀ ṣófo, eruku bo ojú rẹ̀ títí dé ìpéǹpéjú. Ìyá mi kò bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní kó jókòó, ó ṣí ìwé ìkọ̀wé, ó ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan: ta lo rí kẹ́yìn, níbo, pẹ̀lú ta ni? Ó fi bírò sàmì sí ẹni tí wọ́n bá rí, ó fi òdo sí ẹni tí wọn kò rí. Òdo mẹ́rin ló kù. Ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nípasẹ̀ ọkọ̀ tó tẹ̀lé e lọ ní Mọ́ńdè. Ọmọ Gánà mẹ́ta nínú wọn fèsì kí ọdún náà tó parí. Télọ̀ wà nínú àwọn tó fèsì. Ó ní òun ti ra ẹsẹ̀ irin mìíràn.

Nígbà tí àwọn ọmọ Gánà dé ilé, àgọ́ kọ́ ló gbà wọ́n pẹ́. Ẹbí ló gbà wọ́n, ní abúlé tí ebi ti ń pa tẹ́lẹ̀, ibi ìgbàlejò ní Labadi sì ṣófo láìpẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1985, ìjọba ológun Muhammadu Buhari tún lé àwọn àjèjì, gbèdéke jẹ́ ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún, ẹnubodè Nàìjíríà fúnra rẹ̀ sì ti wà ní títì láti oṣù kẹrin ọdún 1984. Wọ́n tún sùn sí Sèmè. Oṣù keje ọdún 1985, ní Lomé, ni àwọn olórí ECOWAS tó fọwọ́ sí ìwé pé bí a bá máa lé àjèjì tí kò níwèé, kó jẹ́ pẹ̀lú ètò, láìfi ẹ̀tọ́ ènìyàn dù wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹnubodè kò sì tíì kúrò lọ́rùn wa. Ní oṣù kejì ọdún 2021, àwọn ará abúlé ní Yewa North, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, sá fún ìkọlù àwọn darandaran tó di ìhámọ́ra, wọ́n kọjá sí Benin; ọmọ Yorùbá di ogúnléndé lọ́dọ̀ ọmọ Yorùbá. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú Sátidé tí mo sọ yìí, Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú ECOWAS, nígbà tí àwọn ará Burkina ti ń sá wọ àríwá Benin àti Tógò.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ní ààlà. Òkèrètè ní Ṣakí West ń wo Benin lójú kòrókòró, àwọn abúlé Ìwàjówà náà ń wò ó. Bí ẹ bá wà ní àjọ ìrànwọ́ pàjáwìrì ìpínlẹ̀, tàbí ní káńsù, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí tó máa ń kó ọkọ̀ aṣọ àlòkù lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òní: ẹ kọ orúkọ abúlé ààlà kọ̀ọ̀kan, orúkọ baálẹ̀ rẹ̀, iye kànga rẹ̀ àti bí omi inú rẹ̀ ṣe ń pẹ́ sí ní oṣù kìíní. Ẹ fi nọ́ńbà ẹni tó wà ní òdìkejì ààlà sí i, kí ẹ lè pè é kí ọkọ̀ tó gbéra.